Bí Òòyì Bá Ń Kọ́ni Nínú Ìforíkanlẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Etí Inú àti Ìdúró Ara

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko, ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí, ó sì kan ìrun wa gbọ̀ngbọ̀n.

Bí ẹ bá lọ sí àsàlátù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ wo apá ẹ̀yìn dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìyá kan tí ó jókòó sórí àga nígbà tí àwọn yòókù bá forí kanlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni orúnkún ń dùn. Àwọn kan nínú wọn yóò sọ fún yín pé bí àwọn bá ti gbé orí sílẹ̀ báyìí, ilé á máa yí, ògiri á máa sáré, àwọn á sì di ẹni tí wọ́n ń dì mú kí ó má baà ṣubú. Ẹ̀rù rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n forí kanlẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àwọn kan ti mu hàǹtú títí, nítorí wọ́n ní àlùjànnú ni kò fẹ́ kí wọ́n kírun. Àwọn mìíràn ti gba abẹ́rẹ́ ibà ní kẹ́mísì lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ wọn, àìsàn náà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ àlùjànnú. Inú etí ni ó wà, dókítà tí ó mọ̀ ọ́n sì lè fi ọwọ́ lásán wò ó sàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìlo oògùn kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni a ń bá sọ ọ́, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ó lọ ṣàlàyé fún àwọn ìyá wa nílé. Ẹ̀yin náà kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí ó forí gbá títì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, irú òòyì yìí kan náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Etí kì í ṣe fún gbígbọ́ nìkan

Etí tí a ń fọwọ́ kàn níta yìí, àti ihò tí a ń fi ìka nù nígbà àlùwàlá, ẹnu ọ̀nà ilé lásán ni. Ihò náà parí sí ìlù etí. Lẹ́yìn ìlù náà ni eegun kéékèèké mẹ́ta wà tí ń gbé ohùn kọjá. Lẹ́yìn wọn ni etí inú, tí Ọlọ́hun fi pamọ́ sínú eegun ẹ̀gbẹ́ orí, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí eegun le jù lára ènìyàn. Apá kan etí inú yìí ká kò bí karawun ìgbín. Òun ni a fi ń gbọ́ràn. Apá kejì kò bá ohùn ṣe rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa sọ fún ọpọlọ bí orí ti wà: bóyá ó ń yí, bóyá ó tẹ̀, bóyá ó dúró. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí adití tí kò gbọ́ ìró kankan tí ó sì ń rìn gbọnrangandan. Apá ìgbọ́ràn nìkan ni ó bàjẹ́ lára tirẹ̀.

Ẹ ti rí bíríkìlà tí ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé orí búlọ́ọ̀kù, tí ó ń wo omi inú gíláàsì rẹ̀ bóyá ògiri tọ́. Irú lẹ́fẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Ihò tín-ín-rín ni wọ́n, wọ́n tẹ̀ bí àbọ̀ òrùka, omi sì kún inú wọn. Wọn kò kọjú sí ibì kan náà. Ọ̀kan ń mọ̀ ọ́n bí a bá yí ojú sí ọ̀tún àti òsì, bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ń sálámà. Àwọn méjì yòókù ń pín iṣẹ́ títẹ orí síwájú àti sẹ́yìn, bíi ti rúkúù àti ìforíkanlẹ̀, àti títẹ orí sí èjìká, bíi ti ẹni tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ láti sùn. Ẹni tí ó bá kí ráká méjì péré ti fi gbogbo wọn ṣiṣẹ́.

Ẹ pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ju ewé kékeré kan sí ojú omi náà, kí ẹ wá yí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lójijì. Ẹ ó rí i pé bọ́kẹ́ẹ̀tì yí, ṣùgbọ́n ewé náà kò bá a lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí omi máa ń lọ́ra láti gbéra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti inú etí. Bí orí bá yí, omi inú ihò yẹn á lọ́ra, á sì ti ohun kan tí ó dì bí ẹ̀kọ tí a fi dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ó wà nínú ẹ̀kọ náà. Bí ẹ̀kọ bá tẹ̀, irun á tẹ̀, iṣan á sì gbé ìròyìn lọ bá ọpọlọ pé orí ń yí.

Ìgbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń na apá méjèèjì, a ó máa yí bírí títí òòyì yóò fi kọ́ wa. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni pé bí a bá yí pẹ́, omi inú etí á bá orí lọ pọ̀. Bí a bá wá dúró lójijì, orí dúró, ṣùgbọ́n omi kò tíì dúró. Ó ṣì ń ti ẹ̀kọ. Etí ń sọ fún ọpọlọ pé a ṣì ń yí, ojú sì ń sọ pé a ti dúró. Ìjà àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì yìí ni òòyì.

Yàtọ̀ sí ihò mẹ́ta yìí, àpò kékeré méjì tún wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n bí a bá gbéra lọ tààrà, bí ìgbà tí dánfó bá já búréèkì, tàbí bí ilẹ̀ bá ń fà wá sísàlẹ̀. Orí irun tí ó wà nínú àpò wọ̀nyí ni Ọlọ́hun to àwọn òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí wọ́n kéré ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ohun kan náà tí èèpo ẹyin àti karawun ìgbín jẹ́ ni àwọn òkúta yìí jẹ́. Ìwúwo wọn ni ó ń jẹ́ kí a mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, kódà nínú òkùnkùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Àwọn oníwàásù kan máa ń fẹ́ kí gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn wọ inú āyà kan. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọn yóò ní òun ni òṣùwọ̀n tí Ọlọ́hun mẹ́nu bà nínú Súrà Ar-Rahmān. A kò rò pé ó pọn dandan kí a fa āyà náà dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí etí ti ń ṣiṣẹ́ yóò dúpẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ́ ìtumọ̀ fún un.

Ẹ dán èyí wò nísinsìnyí. Ẹ di ìwé ìròyìn yìí mú síwájú yín, kí ẹ máa mi orí bí ẹni tí ó ń sọ pé rárá, kí ẹ sì máa kà á lọ. Ẹ ó rí i pé ẹ lè kà á. Ẹ wá jẹ́ kí orí dúró, kí ẹ máa mi ìwé náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́tà á dàrú mọ́ra wọn. Kí ló fa ìyàtọ̀? Nígbà tí orí ń mì, etí inú ń sọ fún iṣan ojú bí orí ti ń lọ, ojú sì ń yí sí òdìkejì ní ìwọ̀n kan náà, kí ohun tí a ń wò má baà yẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ìwé ni ó ń mì, etí kò ní ìròyìn tí yóò fún ojú. Òun náà ni ó jẹ́ kí a lè máa rìn lójú ọ̀nà Badagry kí a sì máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ láìdúró.

Nǹkan mẹ́ta ni ọpọlọ ń gbára lé kí ara tó dúró: etí inú, ojú, àti ìròyìn tí ń ti ẹsẹ̀ àti ọrùn wá. Bí ọ̀kan bá ń sọ ohun tí èkejì kò sọ, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wá. Ẹ̀yin ọmọ LASU tí ẹ máa ń ka ìwé nínú dánfó kí ẹ tó dé Ìyànà Ìbà mọ̀ ọ́n. Ìwé dúró lójú, ọkọ̀ sì ń já kòtò, etí ń mọ̀ ọ́n, lójú ẹsẹ̀ èébì fẹ́ gbé yín. Bákan náà ni ti ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí òkun ọ̀sà Ọ̀jọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sì tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kí ó gbójú sókè, kí ó máa wo èbúté tí ó ń lọ, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọtí náà ní tirẹ̀. Nígbà tí ọtí bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó máa ń yára wọ inú ẹ̀kọ tí a sọ yẹn ju inú omi tí ó yí i ká lọ. Ẹ̀kọ á wá fúyẹ́ ju omi. Bí ọ̀mùtí bá dùbúlẹ̀, ẹ̀kọ á fẹ́ léfòó, irun á tẹ̀, ibùsùn á sì máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀ fún wa kò dúró lórí èyí, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ ohun tí ó ń gbé ọ̀mùtí ṣubú.

Àwọn tí ó wá ìdí rẹ̀

Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ pé etí ni. Ibn Sina, onímọ̀ ìṣègùn Mùsùlùmí tí ó kú ní 1037, kọ nípa òòyì nínú ìwé ńlá rẹ̀ Al-Qānūn, láàárín àwọn àìsàn orí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì mọ iṣẹ́ ihò mẹ́ta náà nígbà náà. Ní 1824 ni Flourens, ará Faransé, sọ ohun tí ó rí nígbà tí ó gé ihò wọ̀nyí nínú etí ẹyẹlé: ẹyẹlé náà ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò lè fò, orí rẹ̀ sì ń lọ síhà tí ihò tí wọ́n gé kọjú sí. Ní 1861, dókítà kan ní Paris tí ń jẹ́ Ménière sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òòyì tí ó ń bá etí híhó àti àìgbọ́ràn rìn kì í ṣe àìsàn ọpọlọ, etí ni. Títí di ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lórí. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe Ìbà àti Okokomaiko nìkan ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Róbáàtì Bárány, dókítà etí ní Vienna. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá fi omi fọ etí aláìsàn, òòyì á kọ́ aláìsàn náà. Aláìsàn kan ló sọ fún un pé omi náà tutù jù. Ó wá lo omi gbígbóná, òòyì tún kọ́ni, ṣùgbọ́n ojú aláìsàn ń ta sí òdìkejì ti tẹ́lẹ̀. Ó ròó títí ó fi yé e: omi tútù ń jẹ́ kí omi inú ihò etí wúwo kí ó sì rì, omi gbígbóná ń jẹ́ kí ó fúyẹ́ kí ó sì gòkè. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 ni wọ́n fún un nítorí rẹ̀, ìròyìn náà sì bá a ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà.

Ọ̀rọ̀ Bárány wúlò fún wa títí di òní. Bí ìlù etí ẹnì kan bá ti lu, tí ó fi omi tútù wẹ ìwẹ̀ jánábà ní òwúrọ̀, tí òòyì sì kọ́ ọ bí omi ti wọ etí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Kí ó fi òwú tí a fi fáṣílìnì pa dí ihò etí kí ó tó da omi lé orí, kí ó sì bi àáfáà rẹ̀ léèrè bí yóò ti ṣe ìwẹ̀ náà pẹ̀lú àìsàn etí. Kí ó wá lọ rí dókítà nípa etí tí ó lu.

Òkúta tí ó kúrò ní àyè rẹ̀

A padà sí àwọn ìyá wa tí ó jókòó sórí àga. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ inú àpò yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò. Lára ọ̀dọ́, bí orí bá gbá nǹkan gidigidi, wọ́n lè ṣí. Èyí tí ó ṣí á bọ́ sínú ọ̀kan nínú ihò mẹ́ta náà, níbi tí kò yẹ kí òkúta wà. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé orí sílẹ̀, bí ó bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ó bá gbójú sókè láti mú nǹkan lórí pẹpẹ, òkúta á yí gbirigbiri nínú ihò, á fa omi lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Etí á kígbe pé orí ń yí bírí, nígbà tí orí ti dúró. Kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dá, nítorí òkúta ti dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá tún gbé orí dìde, ó tún di òmíràn. Kì í ba ìgbọ́ràn jẹ́, kì í sì í pa ènìyàn. Ewu rẹ̀ ni ìṣubú, pàápàá fún àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti gbó.

Nínú gbogbo àìsàn etí tí ń fa òòyì, òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹ wá wo bí ó ti bá ìrun pàdé: nínú gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe lójúmọ́, kò sí èyí tí ń gbé orí sílẹ̀ tí ń gbé e dìde tó ìrun márùn-ún. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé orí ìrun ni àwọn ìyá wa ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Abájọ náà tí wọ́n fi ń rò pé ohun kan kò fẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́hun. Mùsùlùmí gba pé àlùjànnú wà. Ṣùgbọ́n òòyì tí ó ń wá nígbà tí orí bá tẹ̀ síhà kan, tí kì í wá nígbà tí orí bá tẹ̀ síhà kejì, tí ó sì ń dá láàárín ìṣẹ́jú kan, òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ní 1952, Dix àti Hallpike ní London kọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò: dókítà á yí orí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kíákíá, á sì máa wo ojú rẹ̀. Bí òkúta bá wà níhà yẹn, ẹyin ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrìgìrì. Ọdún 1992 ni dókítà Amẹ́ríkà kan, Epley, tẹ ọ̀nà ìwòsàn rẹ̀ jáde. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ etí ọ̀tún ni, wọ́n á ní kí aláìsàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó yí ojú sí ọ̀tún ní ìlàjì ọ̀nà sí èjìká, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kíákíá kí orí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ré kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Òòyì á kọ́ ọ, wọ́n á dúró kí ó dá. Wọ́n á wá yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí òsì, wọ́n á tún dúró. Lẹ́yìn náà òun àti ara rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì títí imú rẹ̀ yóò fi kọjú sílẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á sì gbé e jókòó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń yí òkúta náà láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀ títí ó fi bọ́ sínú àpò tí ó ti wá. Ọ̀pọ̀ ni ara rẹ̀ ń dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn mìíràn nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ó lè padà wá lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, wọ́n á sì tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má dá a ṣe fún ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ọrùn ni ó ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ní láti mọ etí tí ó jẹ́.

Kí ìwòsàn tó dé, kí ni kí ó ṣe pẹ̀lú ìrun rẹ̀? Imran ọmọ Husayn, Sàhábà Ànábì tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu, bi Ànábì léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì wà nínú àkójọ Bukhari. Ìdáhùn náà ni pé kí ó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é kí ó jókòó, bí kò bá lè ṣe é kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lórí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fi sọ pé ẹni tí ó lè dúró ṣùgbọ́n tí kò lè forí kanlẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ìdúró sílẹ̀. Kí ó dúró nígbà ìdúró, kí ó jókòó nígbà tí ó bá kan ìforíkanlẹ̀, kí ó sì tẹ orí díẹ̀ níwọ̀n tí kò ní mú òòyì wá. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrun dé ìparí, nítorí kò sí ẹni tí ó là á yé wọn. Ọjọ́ tí òòyì bá sì ti lọ, ìforíkanlẹ̀ padà di dandan.

Abẹ́rẹ́ tí a kò bi léèrè

Ti òkúta rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fẹ́ sọ yìí. Àwọn oògùn kan wà tí ń pa irun inú etí, irun náà kì í sì í hù padà lára ènìyàn. Streptomycin ni a kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn. Ní 1943 ni wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ sí ikọ́ ife. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn tí ń gbà á kò lè rìn tọ́ mọ́. Ní 1952, dókítà kan tí ó gba streptomycin fún ikọ́ ife tí ó mú orúnkún rẹ̀ kọ ìrírí ara rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní Amẹ́ríkà. Ó ní bí òun bá fẹ́ kàwé, òun ní láti há orí sáàárín irin bẹ́ẹ̀dì kí ó má mì rárá, nítorí lílù ọkàn lásán ti tó láti mú kí lẹ́tà máa jó. Nígbà tí ó bá ń rìn lójú ọ̀nà, kò lè dá ojú ẹni tí ó ń bọ̀ mọ̀ àfi bí ó bá dúró.

Ọmọ ìyá streptomycin ni gentamicin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní jẹ́ńtà. Oògùn rere ni ní ọwọ́ dókítà. Ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ là. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á wọn bí aláìsàn ti tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n á yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, wọ́n á sì ka iye ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ẹnì kan lè wọ kẹ́mísì nítorí ibà, nítorí àtọ̀sí, nítorí inú rírun, kí wọ́n sì gún un ní jẹ́ńtà fún ọjọ́ márùn-ún, kí ó tún padà wá lóṣù tí ń bọ̀. Jẹ́ńtà kò tilẹ̀ mọ ibà, nítorí kì í pa kòkòrò ibà. Bí kíndìnrín ẹni náà kò bá sì lágbára, oògùn á dúró pẹ́ nínú ara, etí ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Àmì rẹ̀ kò jọ ti òkúta. Nítorí pé etí méjèèjì ni ó ń bà jẹ́ pọ̀, ilé kì í yí. Ẹni náà á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Bí iná bá lọ, kò ní lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ń lọ kí ìrun Sùbúù nínú òkùnkùn, ilẹ̀ á dà bí fóòmù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá dijú láti bu omi sójú nígbà àlùwàlá, á fẹ́ ṣubú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń rìn, gbogbo ohun tí ó ń wò á máa jó. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ó ti gba abẹ́rẹ́ tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ní so ó pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́. Kò sí oògùn tí ń dá irun náà padà. Eré ìdárayá ojú, ọrùn àti ẹsẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ físíò ń kọ́ni ni ó lè ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti fi ojú àti ẹsẹ̀ rọ́pò etí.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tí ó fẹ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ léèrè orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ jẹ́ńtà, ẹ béèrè ta ni dókítà tí ó kọ ọ́, àti fún ọjọ́ mélòó. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí etí bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn kúníìnì, ẹ sọ fún dókítà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti kúníìnì sábà máa ń lọ bí a bá dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Àwọn yòókù, àti ohun tí kì í ṣe etí

Òòyì tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì tí kò dáwọ́ dúró fún ọjọ́ kan sí ọjọ́ mélòó kan, tí ó ń mú èébì wá, tí ìgbọ́ràn sì wà bó ti wà, ó lè jẹ́ pé iṣan etí wú, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó ń ṣe wákàtí díẹ̀ tí ó tún ń lọ, tí etí kan ń hó, tí ó ń dí, tí ìgbọ́ràn rẹ̀ sì ń dínkù, èyí ni àìsàn tí ó ń jẹ́ orúkọ Ménière. Ẹ̀fọ́rí túúlu náà ń mú òòyì wá, pàápàá fún ọ̀dọ́bìnrin, nígbà mìíràn láìsí ẹ̀fọ́rí lọ́jọ́ náà rárá. Etí tí ó ti ń da ọyún láti kékeré tí òòyì wá dara pọ̀ mọ́ ọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo gbígbóná tàbí ìyẹ́ adìẹ. Ọyún náà lè máa jẹ eegun lọ sínú etí inú. Ẹ gbé e lọ rí dókítà etí ní kíá.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a ń pè ní òòyì ni òòyì. Bí ojú bá ṣú nígbà tí ènìyàn bá dìde lójijì lẹ́yìn ìjókòó gígùn ní Tàráwíì, bí ara bá fẹ́ dákú ní ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀, ilé kò yí, ojú ni ó ṣókùnkùn. Omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó orí ni. Arábìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, tí ó sì ń rí irú èyí, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá kò tó.

Ọ̀kan kò gba ìdúró rárá. Bí òòyì bá dé lójijì, tí ẹnu sì wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí ojú ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ẹni náà kò lè dìde rìn rárá, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí náà gan-an. Kí ẹ má gbé e gba ilé àáfáà kọjá.

Ànábì pàṣẹ fún wa pé kí a wá ìwòsàn, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Ẹ̀ka dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun wà ní LASUTH ní Ìkẹjà àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín, irú èyí tí ó wà ní Ìgándò lójú ọ̀nà tí ó gba LASU kọjá, kí wọ́n kọ ìwé lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti aláìsàn náà kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: ṣé ilé ni ó ń yí ni, tàbí ojú ni ó ń ṣú? Ó máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú, wákàtí tàbí ọjọ́? Ìhà wo ni orí kọ sí nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀? Ṣé etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ti tẹ́lẹ̀? Abẹ́rẹ́ wo ni ó gbà láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Bí páálí tàbí ìgò abẹ́rẹ́ náà bá ṣì wà nílé, ẹ mú un dání. Kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e lọ. Bí òòyì bá ṣì ń kọ́ ọ, kí ó má gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, kí ẹni tí ó tẹ̀ lé e sì di apá rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.